Kí Ọkọ̀ Tó Gba Ẹrù: Ìtàn Agbára Ara Lójú Ọ̀nà Papalanto

Àpò sìmẹ́ńtì kan wúwo tó kílò 50. Ní oríta Papalanto, níbi tí ọ̀nà Ìlaròó ti yà kúrò lára títì tó ti Èkó lọ sí Abẹ́òkúta, ọkọ̀ àjàgbé tó ń kó irú àpò bẹ́ẹ̀ láti ilé iṣẹ́ Ewékorò kì í wọ́n. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń gbé e, kó wo àwọn tó ń já a níwájú ìsọ̀. Ẹnì kan wà lórí ọkọ̀, òun ló ń ti àpò wá sí etí. Ẹni tó wà nílẹ̀ kọ ẹ̀yìn sí ọkọ̀, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó gba àpò sí àárín èjìká òun ẹ̀yìn ọrùn, ó dúró díẹ̀ kí ẹrù náà lè jókòó dáadáa, kó tó wá gbé ẹsẹ̀. Ìgbésẹ̀ rẹ̀ kúrú, ó sì yá, torí pé ẹni tó bá dúró rojọ́ lábẹ́ kílò 50 ń fi agbára ṣòfò ni. Ọ̀dọ́ ló pọ̀ jù nínú wọn. Ó ṣòro kéèyàn tó rí ẹni ọgọ́ta ọdún láàrin wọn.

Kí rélùwéè tó dé, kò sẹ́ni tí ẹrù yọ sílẹ̀ lágbègbè yìí. Ọmọdé ń rù, ìyàwó ilé ń rù, ẹrú àti ìwọ̀fà ń rù, àgbàlagbà náà sì ní ìwọ̀nba tirẹ̀. Ìtàn agbára ara nílẹ̀ Ẹ̀gbá kò yàtọ̀ sí ìtàn ẹrù: ta ló rù ú, ìgbà wo ló sọ̀ ọ́, kí ló sì ṣẹlẹ̀ sí iṣan àti egungun nígbà tí ọkọ̀ àti ẹ̀rọ gbà á lórí gbogbo èèyàn.

Orí ló ń kó ọjà

Ọdún 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ àpáta Olúmọ, tí Ṣódẹkẹ́ jẹ́ aṣáájú wọn. Kò pẹ́ tí Abẹ́òkúta fi di ojúkò òwò ńlá. Epo pupa, èkùrọ́ àti òwú ń gba ibẹ̀ lọ sí Èkó. Iyọ̀, aṣọ òyìnbó, ìbọn àti ẹ̀tù ń gba ibẹ̀ wọlé. Nígbà òjò tí odò Ògùn bá kún, ọkọ̀ ojú omi a máa kó ọjà láti Àrò lọ sí etí ọ̀sà. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, omi á fà, òkúta á yọrí, orí ilẹ̀ ló kù tí wọ́n lè gbà. Ẹṣin àti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kì í pẹ́ láyé nínú igbó nítorí eṣinṣin tsetse, ipa ẹsẹ̀ tóóró sì ni ọ̀nà ìgbà náà, kò gba ọmọlanke. Orí èèyàn ni gbogbo rẹ̀ já lé.

Ẹrù tí ìjọba amúnisìn kà sí ìwọ̀n aláàárù kan jẹ́ nǹkan bí 60 pọ́n-ùn, ìyẹn kílò 27. Èèyàn kì í dá a gbé. Ẹni tó fẹ́ rù ú á ká àkísà tàbí ewé gbígbẹ ṣe òṣùká, á lóṣòó, ẹlòmíì á bá a gbé e ka orí, òun náà á wá fi itan gbé ara rẹ̀ dìde, ẹ̀yìn á nà ṣánṣán. Bó bá fi ìbàdí tẹ̀ síwájú, ẹrù ti lọ nìyẹn. Tó bá ti ń rìn, ọrùn kì í yí. Ojú nìkan ló ń wá ibi tí ẹsẹ̀ máa tẹ̀. Bó bá rẹ̀ ẹ́, á ké sí ẹni tó ń bọ̀ níwájú pé kó bá òun sọ̀ ọ́, torí ẹrù tó gba ẹni méjì láti gbé, ẹni méjì náà ló ń sọ̀ ọ́.

Láti kékeré ni wọ́n ti ń kọ́ ọ. Agbè omi kékeré ni ọmọ ọdún márùn-ún máa ń gbé tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sódò. Bó ṣe ń dàgbà ni ìkòkò ń tóbi sí i. Ẹ̀kọ́ yìí wọ ara débi tó ya àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lẹ́nu. Ní 1986, àwọn tó ṣèwádìí lára àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kenya kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Nature pé obìnrin tó ti mọ ẹrù í rù láti kékeré lè gbé ohun tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀ láì mí ju bó ṣe ń mí nígbà tó bá ń rìn lọ́wọ́ òfo. Àwọn sójà tí wọ́n di ẹrù sẹ́yìn wọn kò rí irú rẹ̀ ṣe.

Oko iwájú, oko etílé

Ẹrù kọ́ ni gbogbo iṣẹ́. Ilẹ̀ tó yí Papalanto ká, láti Wásinmi títí dé Ìtòrì, ilẹ̀ oko àwọn Ẹ̀gbá ni. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló ní ilé kan ní Abẹ́òkúta, tí wọ́n sì ní ahéré níbẹ̀. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń lọ, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀. Tí wọ́n bá dé oko, ọkọ́ ló kù. Ẹni tó ń kọ ebè á bẹ̀rẹ̀, á gbé ọkọ́ dé èjìká, á jù ú lulẹ̀, á wọ́ erùpẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀, á tún gbé e. Àtẹ́lẹwọ́, èjìká, ẹ̀yìn àti itan ló ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn ọkùnrin mìíràn ń fi igbà gun ọ̀pẹ lọ gé ìdì ẹyìn. Àwọn obìnrin ń gún un, wọ́n ń fọ epo rẹ̀. Nílé, odó ń dún fún iyán, ọlọ ń lọ ata, ọwọ́ ń ro àmàlà láfún.

Ohun tó yẹ kí òǹkàwé òde òní fara balẹ̀ wò ni bí wọ́n ṣe pín iṣẹ́ náà fún ọjọ́ orí. Àwọn ọ̀dọ́ ni wọ́n ń bẹ́ igbó ní oko iwájú. Wọ́n ń ṣe àárò: ẹgbẹ́ ọlọ́jọ́-orí kan náà á kóra jọ, wọ́n á kọ ebè lóko Lágbájá lónìí, lóko Tàmẹ̀dò lọ́la. Nítorí pé ẹgbẹ́ ni wọ́n, agbára wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kò sí pé ọmọ ogún ọdún ń lé bàbá ẹni àádọ́ta sáré. Bí iṣẹ́ bá tóbi ju ti àárò lọ, oníṣẹ́ á bẹ ọ̀wẹ̀, á sì se oúnjẹ.

Bí ọkùnrin bá ti ń dàgbà, oko rẹ̀ á máa sún mọ́ ilé. Oko etílé ni ti àgbà. Ebè tó ń kọ á dín kù, ṣùgbọ́n kò ní tán. Á ṣì máa ro ìdí ilá, á máa lọ́ okùn, á máa hun apẹ̀rẹ̀, á máa rìn lọ wo pakuté. Ìyá àgbà tí kò lè ru epo lọ sọ́jà mọ́ á jókòó sórí àpótí kúkurú, á máa ran òwú tàbí kó máa fi òkúta pa èkùrọ́. Èkùrọ́ kì í ṣe iṣẹ́ yẹpẹrẹ: láti bí ọdún 1870 síwájú, ó jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú ohun tí Èkó ń tà fún àwọn oníṣòwò Jámánì, ọwọ́ àwọn obìnrin, àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó ni púpọ̀ rẹ̀ sì ti ń jáde. Àpótí náà kò ga ju ojúgun lọ. Ìyá tó bá jókòó sórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi itan ara rẹ̀ dìde nígbà tó bá fẹ́ tọ̀, nígbà tó bá fẹ́ mumi, nígbà tí àlejò bá wọlé. Kò sẹ́ni tó pè é ní eré ìdárayá.

Ohun tí ẹ̀yìn san

Ẹni tó bá ń fi ìgbà yẹn yangàn láì sọ ìyà tó wà níbẹ̀ kò sọ òótọ́. Púpọ̀ nínú àwọn tó ru epo Abẹ́òkúta kì í ṣe olówò; ẹrú ni wọ́n, àwọn mìíràn jẹ́ ìwọ̀fà tó ń fi iṣẹ́ ara sìn fún owó tí bàbá wọn yá. Wọn kì í yan ìwọ̀n ẹrù, wọn kì í sì yan ọjọ́ ìsinmi.

Ìjọba òyìnbó náà kò mọ́wọ́ dúró. Ní 1918, owó orí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ àti iṣẹ́ ọ̀nà tí wọ́n ń fi ipá kó èèyàn ṣe láìsan kọ́bọ̀ mú kí àwọn Ẹ̀gbá dìde nínú ogun tí wọ́n ń pè ní Ogun Àdùbí. Wọ́n tú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà tẹligíráàfù. Ìjọba kó sójà lé wọn, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì kú. Ọdún méjìlá lẹ́yìn náà, ní Geneva, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ṣe àdéhùn lórí iṣẹ́ àfipáṣe. Àdéhùn 1930 náà dárúkọ aláàárù àti atukọ̀, ó ní kí wọ́n fòpin sí fífi ipá kó wọn láìpẹ́, ó sì ní títí dìgbà náà, kí ẹnikẹ́ni má kó ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 tàbí tó ti lé ní 45.

Ara náà ní ẹjọ́ tirẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà ya fọ́tò egungun ọrùn àwọn aláàárù ní Accra, tí wọ́n fi wé ti àwọn tí kì í ru ẹrù, ti àwọn aláàárù ti jẹ jù lọ. Àwọn obìnrin tó fi òkúta pa èkùrọ́ mọ ìrora ọrùn ọwọ́. Àwọn tó kọ ebè mọ ìrora ìdí. Iṣẹ́ náà fún wọn lágbára, ó sì gba nǹkan lára wọn.

Rélùwéè, lọ́rì, sìmẹ́ńtì

Ní 1896 ni iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rélùwéè láti Èkó. Irin náà gba ìhà Ọ̀tà, Papalanto àti Abẹ́òkúta kọjá, ó dé Ìbàdàn ní òpin 1900, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní oṣù kẹta 1901. Ohun tó ń gba ẹgbẹ́ aláàárù ní ọ̀pọ̀ ọjọ́ wá di ìrìn wákàtí mélòó kan nínú wágúnù. Àwọn aláàárù kò tán lọ́jọ́ kan. Ọ̀nà wọn ló kúrú. Dípò kí wọ́n máa ru ẹrù láti Abẹ́òkúta dé Èkó, wọ́n ń rù ú láti abúlé dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Nígbà tí lọ́rì dé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, èyí náà tún kúrú sí i.

Àwọn obìnrin ló rù ú pẹ́ jù. Àwọn tí Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti kó jọ ní Abẹ́òkúta láti 1947, tí wọ́n lọ sun iwájú ààfin mọ́jú nítorí owó orí, títí tí Aláké, ọba Ẹ̀gbá, fi kúrò lórí oyè ní oṣù kìíní 1949, obìnrin ọjà ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn tó ń gbé agbọ̀n láàárọ̀ tí wọ́n sì ń sọ̀ ọ́ lálẹ́. Orúkọ Ransome-Kuti náà ló wà lára ibùdókọ̀ rélùwéè tuntun ní Papalanto, lórí ọ̀nà irin Èkó sí Ìbàdàn tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà 2021.

Lẹ́yìn lọ́rì ni ẹ̀rọ ìlọta wọ ọjà, tí ọlọ fi di ohun ẹ̀yìn ilé. Ẹ̀rọ tó ń rin gbágùúdá tẹ̀lé e. Ní 1960, ilé iṣẹ́ West African Portland Cement bẹ̀rẹ̀ sí í po sìmẹ́ńtì ní Ewékorò, ọdún mẹ́ta lẹ́yìn ti Nkalagu ní ìlà-oòrùn. Ẹ̀rọ ńlá ló ń wa òkúta, ẹ̀rọ ló ń lọ̀ ọ́, bẹ́líìtì ló ń gbé e. Ọmọ àgbẹ̀ tó bá ríṣẹ́ níbẹ̀ lè jókòó ti páànù ìdarí fún wákàtí mẹ́jọ, kó gba owó oṣù, kó má sì mọ ọkọ́ ní dídìmú mọ́. Ìbùkún ni, kò sẹ́ni tó fẹ́ padà. Nígbà tí ọ̀kadà wá dé ní ìparí ọ̀rúndún ogún, ìrìn ẹsẹ̀ láti títì wọ abúlé pàápàá di ohun tí owó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn.

Níbi tí ẹrù ti kù, ó wá wúwo ju ti àtijọ́ lọ. Àpò sìmẹ́ńtì kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹrù aláàárù méjì láyé ìjọba amúnisìn. Ìmọ̀ràn tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé gbé jáde ní 1967 ni pé kí ohun tí ọkùnrin géńdé yóò máa fi ọwọ́ gbé má ju kílò 55 lọ. Sìmẹ́ńtì fi márùn-ún péré dín. Báyìí ni ẹrù ṣe pín ayé sí méjì: ìwọ̀nba ọ̀dọ́ ń gbé èyí tó pọ̀ jù, àwọn tó kù kò gbé nǹkan kan.

Ohun tí àwọn dókítà rí

Ní San Francisco, lẹ́bàá òkun Amẹ́ríkà, Ralph Paffenbarger tọpasẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ èbúté 6,351 fún ọdún 22, ó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1975. Àwọn tó ń gbé ẹrù tó wúwo kú ikú ọkàn níwọ̀n tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dín ní ìlàjì sí ti àwọn tí iṣẹ́ wọn fúyẹ́. Aláàárù ní ìdáláre nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ní 2018, àwọn onímọ̀ tó kó ìwádìí jọ lórí àwọn èèyàn tó lé ní 190,000 rí òdì-kejì: ọkùnrin tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ le gan-an ń kú yá ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó ń jókòó, nǹkan bí ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi jù. Bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń fi ọwọ́ ara wọn yan eré ìdárayá kì í rí irú ewu yìí. Ohun tí àwọn kan lára wọn fi ṣàlàyé rẹ̀ kò ní ṣàjèjì sí ẹni tó bá mọ ìtàn ìwọ̀fà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ fún oúnjẹ kì í dúró nígbà tó bá rẹ̀ ẹ́. Ọkàn rẹ̀ ń sáré láti òwúrọ̀ di alẹ́. Ẹrù kan náà ló ń gbé lójoojúmọ́, yálà ara rẹ̀ gbà á tàbí kò gbà á. Ẹni tó ń ṣeré ìdárayá ń gbé e fún ìgbà díẹ̀, ó sọ̀ ọ́, ó sinmi lọ́la, ó fi díẹ̀ kún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Àwọn ẹlẹ́gbẹ́ àárò mọ apá kan nínú ọgbọ́n yìí, torí ìwọ̀n agbára wọn ni wọ́n ń bá rìn, oúnjẹ sì wà lẹ́yìn iṣẹ́.

Ti arúgbó ńkọ́? Láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ti ń jò díẹ̀díẹ̀ lára ẹni tí kò bá lò ó. Lẹ́yìn ọgọ́ta, ó ń yára. Ọwọ́ kì í lè ṣí ìdérí ìgò mọ́, orúnkún kì í lè gbé ìdí kúrò lórí àga, ẹsẹ̀ tó bá kọ kì í tètè rí ara gbé dúró. Fún ìgbà pípẹ́, èrò àwọn dókítà ni pé kò sí àtúnṣe. Ní 1990, Maria Fiatarone àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Boston mú èèyàn mẹ́wàá nínú ilé ìtọ́jú arúgbó, tí gbogbo wọn ti lé ní ọdún 85, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ẹsẹ̀ gbé irin lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́sẹ̀. Kì í ṣe irin eré ọmọdé. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, agbára ẹsẹ̀ àwọn mẹ́sàn-án tó parí rẹ̀ fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i, ìyẹn ni pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni àádọ́rùn-ún ọdún ni wọ́n tó bẹ́ẹ̀.

Nílé níbí, Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ńlá kan lórí ọjọ́ ogbó ní 2003, lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje. Àwọn àgbà 2,152 tó ti pé ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n bá sọ̀rọ̀ ní ìpínlẹ̀ mẹ́jọ tí Yorùbá ń gbé, Ìpínlẹ̀ Ògùn sì wà lára wọn. Nínú àwọn tí wọ́n bi léèrè nípa ìṣubú, ó tó ẹnì kan nínú mẹ́rin tàbí márùn-ún tó ti ṣubú láàrin ọdún kan péré. Ọ̀rọ̀ agbára itan kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó nìkan.

Ìbọ̀wọ̀ tó ń gba ẹrù

Nílẹ̀ Ẹ̀gbá, ọmọ tó bá rí àgbà pẹ̀lú ẹrù lọ́wọ́ tí kò sáré gbà á, wọ́n á ní ilé kò kọ́ ọ. "Ẹ fi sílẹ̀, bàbá." "Ẹ mú un wá, mà." Àṣà tó dára ni, ó sì bá ìgbà tó bí i mu. Bàbá tí wọ́n gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀ láyé oko etílé ṣì máa fi ẹsẹ̀ rìn délé, á jókòó sórí àpótí, á lóṣòó nínú igbó, á ro ìdí ilá lọ́la. Bàbá òde òní tí wọ́n gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀ ti inú ọkọ̀ bọ́ sórí àga tìmùtìmù. Báàgì yẹn ni ẹrù tó kù fún un lọ́jọ́ náà.

Bí ìkíni náà ṣe rí nìyẹn. Ọmọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, ọwọ́ ló fi ń ti ara rẹ̀ kúrò nílẹ̀. Tó bá kí àgbà mẹ́wàá láàárọ̀ ọdún, ó ti ṣe é nígbà mẹ́wàá. Bó ṣe ń dàgbà ni iye ẹni tó yẹ kó dọ̀bálẹ̀ fún ń dín kù, títí tó fi jẹ́ pé òun ni gbogbo ilé ń dọ̀bálẹ̀ fún. Obìnrin tó ń kúnlẹ̀ rí bákan náà. Mùsùlùmí tó ń kí ìrun márààrún lójúmọ́ láìlo àga ń foríbalẹ̀, ó sì ń dìde léraléra nínú ràkáà 17. Ẹsìn rẹ̀ ti dáàbò bo itan rẹ̀ láìpolówó. Ìgbà tí orúnkún bá sọ pé ó tó, tí wọ́n sì gbé àga wọ mọ́ṣáláṣí, ìyẹn náà dópin.

Àwọn kan kọ̀ láti jẹ́ kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, tí wọ́n bí sí Ibogun nítòsí Ìfọ̀ ní nǹkan bí 1937, ọmọ àgbẹ̀ tó dàgbà sẹ́nu iṣẹ́ oko, ṣì ń ta squash nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ̀gágun ni, ó sì ti ṣe ààrẹ. Kò sí ẹni tó lè ní kó jókòó.

Irin

Gbígbé irin kì í ṣe àjèjì ní Papalanto àti agbègbè rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò lówó jíìmù ti pẹ́ tí wọ́n ń rọ tiwọn: wọ́n á po sìmẹ́ńtì sínú agolo ọ̀dà méjì, wọ́n á ki páìpù irin bọ̀ ọ́, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ, ó parí. Abẹ́òkúta gba àlejò Eré Ìdárayá Orílẹ̀-Èdè ní 2006, ó tún gbà á ní oṣù karùn-ún 2025, àwọn tó ń gbé irin sì wà lára àwọn tó wá figagbága. Ohun tó kù díẹ̀ káàtó ni pé gbogbo èèyàn ló ka irin sí ti ọ̀dọ́, àti ti ẹni tó fẹ́ kí àyà òun yọ.

Àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé wọn ló ti fi hàn pé kò rí bẹ́ẹ̀. Lucy Ejike gba fàdákà nínú gbígbé irin ní Paralympics Sydney ní 2000. Ó gba wúrà ní Athens, ní Beijing àti ní Rio. Nígbà tó fi gba idẹ ní Tokyo ní 2021, ó ti lé ní ogójì ọdún. Folashade Oluwafemiayo gba wúrà ní Tokyo pẹ̀lú kílò 152, ó sì gba òmíràn ní Paris ní 2024 pẹ̀lú kílò 167. Ìyẹn ju àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta lọ, orí ìdùbúlẹ̀ ló sì ti fi ọwọ́ méjèèjì tì í sókè. Kò sẹ́ni tó ní kí ìyá àgbà Papalanto gbé kílò 167. Ohun tí ọ̀rọ̀ Ejike fi hàn ni pé ara tó ń gbé irin láìdáwọ́ dúró fún ogún ọdún kì í tètè gbàgbé.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ iye rẹ̀ ní 2020: kí gbogbo àgbàlagbà máa ṣe ohun tó ń fún iṣan lágbára ní ọjọ́ méjì ó kéré tán lọ́sẹ̀, kí àwọn tó ti lé ní ọdún 65 sì máa fi ti ìdúróṣinṣin kún un ní ọjọ́ mẹ́ta. Kò nílò jíìmù. Kí èèyàn jókòó sórí àga, kó ká ọwọ́ mọ́yà, kó dìde lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láìdi nǹkan kan mú. Kó ti ògiri bí ẹni tó fẹ́ wó o. Kó di ẹ̀yìn àga mú, kó máa fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ dúró. Kó gbé garawa omi láti ẹnu kànga dé ilé ìdáná, kó mú un lọ sí ọwọ́ kejì, kó gbé e padà. Lítà omi kan jẹ́ kílò kan, nítorí náà ìlàjì garawa ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀; àpò píọ̀ wọ́tà odindi, tó tó bíi kílò mẹ́wàá, lè dúró de oṣù tó ń bọ̀. Èémí kì í dúró nígbà tí ọwọ́ bá ń gbé. Ọjọ́ kan láti ṣe é, ọjọ́ kejì láti sinmi.

Iṣẹ́ kù fún àwọn mìíràn pẹ̀lú. Ìjọba ìbílẹ̀ Ewékorò lè ya ọjọ́ méjì sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn àgbà nínú ọgbà ilé ìwòsàn alábọ́ọ́dé, kí nọ́ọ̀sì kan máa ṣọ́ wọn. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí ní gbọ̀ngàn àti àga, ẹgbẹ́ àgbà ọkùnrin àti obìnrin sì ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àárò ọlọ́jọ́-orí kan náà kò ní ṣòro fún wọn. Kí àwọn ọmọ náà sì máa bi bàbá àti ìyá wọn léèrè kí wọ́n tó já báàgì gbà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí ọkàn ń bá fínra, kó kọ́kọ́ lọ rí dókítà, kó sọ fún un pé òun fẹ́ padà sídìí ẹrù rírù, kó sì béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ iye kílò tó yẹ kí òun fi bẹ̀rẹ̀.